Pápá Tí A Tún Ṣe Jù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ìròyìn ayọ̀! Ìjọba agbègbè ti yí òfin padà. Àwọn ará ìgboro nìkan kọ́ ni yóò máa gba owó pápá ìṣeré mọ́. Ẹkùn tí ìyà pápá ń jẹ jù ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, wọn yóò sì rán ẹnìkan wá fojú rí i. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ni mo kà á fún ìpàdé. Alága wa, tí mo ń pè ní Ariwo, fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni àlejò ń bọ̀ — kí gbogbo ilé mú ìgbálẹ̀ jáde.

Inú tèmi ló dùn jù. Àbíkẹ́yìn mi ni balógun ikọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Tí ọdún yìí bá ti parí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ikọ̀ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀, pápá wa á di adágún. Kò tíì gbá ìdíje kan parí níbẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 5
Ọwọ́ mi bó. A da iyanrìn sí gbogbo ibi tó jìn. Káfíńtà kan òpó góòlù tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi rán àwọ̀n — ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò rí irú rẹ̀ rí. Baba àwọn ọmọ kun ògiri ní funfun, ó kun ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹni tí wọ́n rán wá mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Téèpù. Ó wọn pápá, ó fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, ó wo àwọ̀n mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibí yìí mà dára." Alága ní, "Àwa kì í ṣe ọ̀lẹ, sà!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo jí, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn: ta ló ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó ti yó?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn ará òdìkejì odò ni wọ́n fún lówó pápá náà. Wọ́n ní pápá tiwa kò ní ìṣòro. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe ara wa! Alága pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ní ojúsàájú ni, ó ní àfàìmọ̀ kí ìyá Téèpù má ti òdìkejì odò wá. Àbíkẹ́yìn wọ yàrá lọ sùn láìjẹun. Ó dùn mí gan-an.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà. Mo kọ ọ́ gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 13
Téèpù pè mí. Kò bínú. Ó ní kí n lọ wo tiwọn; bí mo bá dé tí mo ṣì ní tiwa ló burú jù, òun á mú ọ̀rọ̀ wa padà síwájú ìgbìmọ̀. Mo ní ó dáa. Mo ti mọ ohun tí màá sọ kí n tó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo lọ. Wọn ò ní pápá. Rárá o. Àgbàlá ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí àwọn tírélà ti ń yí padà, ni àwọn ọmọbìnrin wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta ni góòlù. Obìnrin kúkúrú kan ló ń kọ́ wọn, ọmọ lẹ́yìn, fèrè lẹ́nu. Tó bá ti fọn ún gùn báyìí, wọ́n á ṣa òkúta kúrò nílẹ̀, wọ́n á sáré lẹ̀ mọ́ ògiri, tírélà á kọjá. Wọ́n á tún kó òkúta sílẹ̀. Eré ń lọ.

Mo bi í pé ṣé wọn ò tún ibẹ̀ ṣe de àlejò ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fẹ́ tún ṣe? Ilẹ̀ onílẹ̀ ni."

Òjò ò pa ọmọ wa rí. Tírélà lè pa ọmọ tiwọn.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Baba àwọn ọmọ ní, "Ìwọ lo fojú rí i. Ìwọ náà ni kó o fẹnu sọ ọ́." Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́rú, 19
Mo sọ ọ́ ní ìpàdé. Alága ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ àánú? Ṣé akọ̀wé wa ni ẹ́ àbí tiwọn?" Mo ní, "Bọ̀dá, ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ lọ wò ó."

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Alága lọ o! Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, kò jókòó. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá wa gba ẹ̀hónú yẹn padà." Ọjọ́ kìíní tí mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo pe Téèpù kíá. Ó ní ìjọba máa fún àwọn ará òdìkejì odò nílẹ̀, wọ́n á sì parí pápá náà kí ọdún tó parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ó ku Àbíkẹ́yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń retí ẹkún. Ó ronú díẹ̀. "Màámi, ṣé wọ́n á jẹ́ ká máa wá gbá níbẹ̀?"

Orí mi ò tiẹ̀ lọ síbẹ̀! Mo pe obìnrin kúkúrú yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi jí. Ó ní, "Ta ni ká wá bá gbá, ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá ṣe ẹ̀yin?"

Mo sọ fún Àbíkẹ́yìn pé wọ́n gbà. Ó ní, "A máa nà wọ́n o."

Àwọn tí ìyá rẹ̀ yọ̀ǹda pápá fún! Mo ní kó nà wọ́n dáadáa.