Sòbìà Ti Jáde Lẹ́sẹ̀ Ìyá

Bàbá mi, wolé-wolé tí gbogbo abà ń sá fún,

Mo kí yín níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ kì í fẹ́ kéèyàn máa lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ra, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí: sòbìà ti jáde lẹ́sẹ̀ Ìyá, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ papò dà, wọ́n gba iṣẹ́ ìlera abúlé lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀. Inú wa dùn. A ní àwa tá a mọ ọ̀nà abà kọ̀ọ̀kan la máa wá ṣe é báyìí. Wọ́n kó wa láti Ìbàdàn lọ sí ọ́fíìsì tuntun tí òrùlé rẹ̀ ò tíì pé, wọ́n sì fi mí ṣe olórí àwọn tó ń gbógun ti sòbìà. Mo lọ sí abà wa, mo ṣèlérí lójú gbogbo ayé pé kò ní jáde lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Oko ni wọ́n fún wa o, wọn ò fún wa ní ọkọ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀ka ìlera ní, ẹ̀yìn alága ìjọba ìbílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé kiri. Ẹ̀yin fi kẹ̀kẹ́ ológeere yí abà ká láti Akanran dé ẹ̀yìn Mọ́níyà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò nínú ìbọ̀sẹ̀. Tí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ikọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sáré da omi ìkòkò nù kẹ́ ẹ má baà bá tanwíjí níbẹ̀. Ojú máa ń tì mí nígbà náà pé bàbá mi ni wọ́n ń sá fún. Kò sẹ́ni tó ń sá fún èmi. Wọn ò tiẹ̀ rí mi.

Lọ́dún tó kọjá, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, wọ́n kó aṣọ asẹ́ wá fún wa, èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi odò kéèyàn tó mu ún, kí kòkòrò sòbìà má baà wọnú. A kó o sí sítọ́ọ̀. Alága gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kó tó jáde. Kó tó buwọ́ lù ú, ìjọba ológun tú gbogbo àwọn alága ká. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kó tó mọ̀ ọ́n tán, wọ́n gbé olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lọ síbòmíràn, ọkùnrin náà sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo kọ lẹ́tà. Mo tún kọ òmíràn. Àgádágodo kékeré ni, Bàbá, òkúta kan ló fẹ́. Ẹ̀rù kúẹ́rì ló bà mí, pé wọ́n á kọ̀wé bi mí pé ta ló ní kí n fọ́ ilẹ̀kùn ìjọba. Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ fi máa dé, òjò ti dé. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń dúró dè é, Ìyá ń mu omi odò.

Ẹ mọ ìwà sòbìà. Ọjọ́ téèyàn mu ún kọ́ ló ń jáde, ó di nǹkan bí ọdún kan. Àṣìṣe tí ẹ̀ka wa ṣe lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn la ti ń kà á báyìí.

Ìyá fi pa mọ́ fún mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọn ò lọ sí ìjọ aládùúrà wọn lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra, mo wọ ọkọ̀ lọ sábà. Orí ẹní ni mo bá wọn, tí wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀ méjèèjì nínú ooru. Mo ṣí i. Ó ti yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì, ó funfun bí òwú ìránṣọ, wọ́n sì ti ká a mọ́ igi ìṣáná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ránṣẹ́ sí mi.

“Ìwọ lo ṣèlérí fún gbogbo abà,” ni wọ́n wí. “Ṣé èmi ìyá ẹ ló wá yẹ kí n sọ ẹ́ donírọ́?”

Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá tí ẹsẹ̀ ń ro ni wọ́n tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa gbé ìwé tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ síwájú mi, èyí tí wọ́n fẹ́ fi wá wé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù. “Màdáámù, ẹ kọ òdo síbẹ̀ jàre,” ni wọ́n wí. “Ta ló máa wá ka ẹsẹ̀ lábà?”

Wọn kì í ṣèèyàn burúkú. Wọ́n lọ́mọ márùn-ún, èmi náà ní mẹ́ta, iṣẹ́ yìí la sì jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ òdo, ta ló tún máa kó asẹ́ wá fún ibi tí kò sí sòbìà? Bàbá, kí lẹ̀ bá ṣe? Ṣé ẹ̀rù ọ̀gá ba ẹ̀yin náà rí, tẹ́ ẹ kàn ń fi ikọ́ bò ó? Mi ò bi yín nígbà tẹ́ ẹ lè dáhùn, ó sì ń dùn mí.

Mo mú bírò. Mo kọ orúkọ abà wa, mo kọ orúkọ Ìyá sí ìlà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fà á, mo kọ ọ́ pé asẹ́ wà ní sítọ́ọ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, a ò ṣí i. Mo buwọ́ lù ú, orúkọ yín ló sì kẹ́yìn orúkọ mi, torí náà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà nínú ìwé náà.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.