Báàfù Ìyá Rẹ Ti Di Ẹ̀wù Ìhámọ́ra

Ọmọ mi àtàtà,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó. Bí ó bá sì bá ọ lórí kẹ̀kẹ́, jọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀ ná, kí o tó máa kà á. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú àìrójú. Àwa níhìn-ín wà, ara le, ẹnu ń jẹ, bí a bá yọ ti ìgúnpá ìyá rẹ kúrò, èyí tí màá ṣàlàyé tó bá yá. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ẹnu tí a fi ń kí ọ sọ ọ̀rọ̀ ẹkún. Ẹni tó bá ní kí o ṣubú, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Àmín.

Ilé ṣì dúró. Ibi tó ń jò ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti fi ike bò ó, ibòmíràn ló wá ń jò báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, èyí tó funfun nínú wọn ti jẹ kọ́là ẹ̀wù tí mo rán fún ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá sì ní kí n má wulẹ̀ rán òmíràn sí i, pé ọrùn òun ń rí atẹ́gùn.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo rí i. Mo fi dígí ojú kà á, mo yọ dígí kà á, ohun kan náà ló ń sọ. O ní ìdíje kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, pé ẹ ó fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ láti orí òkè gàgàrà gba àárín òkúta àti gbòǹgbò igi. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ là yé mi ni pé kí lẹ gbàgbé sórí òkè náà? Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá gòkè, igi ló lọ ṣẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ẹran rẹ̀ ló sá lọ síbẹ̀. Ìwọ gòkè lọ́wọ́ òfo, o sọ̀ lọ́wọ́ òfo, àwọn èèyàn sì dúró nísàlẹ̀ wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. O wá ní o fẹ́ ra ẹ̀wù ìhámọ́ra, pé oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ní ike líle láyà àti lẹ́yìn, èkejì rọ̀ bíi fóòmù, àfìgbà tí ilẹ̀ bá gbá a ló tó ń le, bí ẹni tí wọ́n bú. O ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń jókòó sára èèyàn, ẹ bá mi yan ọ̀kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀yìn ṣòkòtò oníbàárà ni mo rán síìpù sí.

Ìyá rẹ ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ṣé a ti gbàgbé pé èjìká ọmọ yìí yẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni, tó sì fi pa mọ́ fún wa, tó jẹ́ pé Jẹ́jẹ́-Layé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló rí àwòrán rẹ lórí fóònù, tí ọwọ́ rẹ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Ó ní ẹni tó bá yan ìhámọ́ra fún ọmọ, ó ti ní kó máa lọ sógun nìyẹn, pé bí mo bá yan án, kí n máa dáná ara mi. Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìwọ nìkan la bí. Bí mo bá kọ̀, màá ti já ọ kulẹ̀, wàá sì lọ sọ̀ lórí òkè yẹn láìwọ nǹkan kan. Bí mo bá gbà, tí ohun kan bá ṣe ọ́, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ro ó.

Ní ọjọ́ kẹrin mo gba ọ̀dọ̀ ìyá onífọ́tòkópì lọ, kó bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta á lórí fóònù. Wọ́n fún èyí tó le ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀. Mo ti ń wojú ọ̀run láti kékeré, mi ò rí ààbọ̀ ìràwọ̀ rí. Àwọn tó ti ra ẹ̀wù náà kọ̀wé sísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fèsì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí a kì í rí ìwé èèyàn ká dákẹ́. Ẹni tó ní egungun ìhà òun méjì sán síbẹ̀síbẹ̀, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ ti ń lè sín? Ẹni tó ní ó ń rùn, mo ní kó sá a sóòrùn. Bí a ti ń ṣe èyí lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan yọjú ní igun fóònù, ó kí wa dáadáa, ó ní kí lòun lè bá wa ṣe. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní ìbéèrè mi ò yé òun. Mo wá bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹrù tí kò dé, ẹrù tí mo fẹ́ dá padà, àbí ọ̀rọ̀ owó. Ọmọ tó bá ń sá fún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ báyìí, nǹkan wà ńbẹ̀. Mo ní ìgbà wo ló ń lọ sílé, ó ní tọ̀sán-tòru lòun wà níbẹ̀. Ọmọ mi, bí o bá kọjá lọ́dọ̀ wọn, jọ̀wọ́ yà kí o wò ó, má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Ibi tí wọ́n ti wá múnú bí mi ni ti ìwọ̀n. Wọ́n ní kí n yan kékeré, àárín, tàbí ńlá. Ó parí! Gbogbo ọmọ aráyé, ìwọ̀n mẹ́ta péré! Ogójì ọdún tí mo ti ń rán aṣọ, mi ò tíì wọn ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Àárín. Ẹni tí àyà rẹ̀ tóbi, ọwọ́ rẹ̀ lè kúrú. Ẹni tó ga lè jẹ́ pé itan nìkan ló ga. Mo pa fóònù dé, mo ní kí ìyá onífọ́tòkópì má bínú, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní màá fúnra mi rán méjèèjì, màá wọ̀ wọ́n, màá fi ara mi mọ èyí tó dáa.

Fún ti oníke, mo gé báàfù ìfọṣọ ìyá rẹ sí wẹ́wẹ́, mo fi aṣọ jíìnì rán àpò sáyà, sẹ́yìn àti séjìká, mo ti ike bọ̀ wọ́n. Fún ti rírọ̀, mo gé mátíráàsì rẹ, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Akoto ò sí, mo tẹ́ fóòmù sínú ìkòkò kékeré kan, mo fi okùn ṣòkòtò so ó mọ́ àgbọ̀n. Mo kọ́kọ́ gun orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo bẹ́ sílẹ̀. Ti fóòmù rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló rọ̀ títí, kò le rárá, bóyá a ò tíì bú u tó. Ti báàfù dún gbọ̀à, mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo tún bẹ́. Mo bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó ní òun á padà wá.

Mo bá wọ ti báàfù, mo lọ yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́-Layé, a gba òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ. O mọ̀ ọ́n, kò sáré rí láyé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe, fífà ló ń fà á lọ fún ẹni tó ni ín. Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, ó ń sá tẹ̀ lé mi, ó ń bẹ̀ mí, lẹ́yìn náà mi ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ọmọ mi, o ò sọ fún mi! O kọ ọ̀rọ̀ òkúta, o kọ ti gbòǹgbò, o ò kọ ọ́ pé ó ń dùn! Atẹ́gùn wọ ẹnu mi, ó wọ imú, ikùn mi fò sókè, kò tètè padà sáyè rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo bí ọmọdé, mo ní ta ni aláìnítìjú yìí, àṣé èmi ni.

Ìgbà náà gan-an ni ìyá rẹ yọ, pẹ̀lú aṣọ tútù lápá, ó ń wá báàfù rẹ̀ kiri. Ó rí báàfù náà tó ń sọ̀ bọ̀ láti orí òkè, ìkòkò rẹ̀ wà lórí báàfù, ó ní olè lòun kọ́kọ́ pè é. Ó dúró sáàárín ọ̀nà. Mo yà fún un, mo wọ inú koríko lọ gbuurugbu. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò bi mí bóyá mo kú, àyà mi ló ń kàn kókókó, kó lè mọ̀ bóyá báàfù ti sán. Ó bú mi, ó bú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bú ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́. Ó wá rọra bi mí pé ṣé kò dùn mí. Mo ní rárá. Ó ní, báwo ló ṣe rí? Mo sọ òótọ́, mo ní ó dùn. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù náà.

Mo rò pé ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ni. Mo wò, ó ti ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó so etí aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó de ìkòkò mọ́rí, ó gba kẹ̀kẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò mọ̀ pé ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ó ní kẹ̀kẹ́ lòun fi ń gbé búrẹ́dì kiri fún àǹtí òun kó tó di pé òun mọ̀ mí, pé ẹnikẹ́ni ò kàn bi òun ni. Jẹ́jẹ́-Layé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí búréèkì, kó rántí búréèkì. Ó ní òun ti gbọ́. Kò fọwọ́ kàn án rárá. Bó ṣe kọjá lára wa báyìí ni, fìrì, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló kù lọ́dọ̀ wa. Nísàlẹ̀, táyà iwájú kọ lu òkúta, kẹ̀kẹ́ dúró, ìyá rẹ ò dúró.

Mo sá eré tí mi ò sá láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá sọ fún mi pé o ti délé ayé. Ó dùbúlẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pè é, kò dáhùn. Mo ní mo ti pa ìyàwó mi. Mo yí i padà, àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín ni ò jẹ́ kó lè mí. Ẹ̀wù tí mo fi ìwọ̀n ara mi rán ti sún gòkè dé ọrùn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbangba, ìgúnpá rẹ̀ bó. Ó ní ohun méjì lòun fẹ́ sọ. Èkíní, ọmọ òun ti yé òun. Èkejì, èmi télọ̀ yìí, ìwọ̀n mi ò dára, pé ẹ̀wù tó bá sún kúrò lórí eegun lásìkò tí èèyàn ń ṣubú, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Nítorí náà a ti yàn, ìyá rẹ fọwọ́ sí i, kò sì ní kí n máa dáná ara mi mọ́. Èyí tó ní ike líle lẹ́yìn àti láyà, tó wá ní rírọ̀ léjìká àti nígúnpá kí apá lè ká, tó ní bẹ́líìtì nídìí tí kò ní jẹ́ kó gòkè, tí aṣọ inú rẹ̀ ń mu òógùn. Bí oríṣi méjèèjì bá wà nínú ẹyọ kan, òun ni. Ṣùgbọ́n má tíì rà á. Ìwọ̀n rẹ tó wà lọ́wọ́ mi, ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, èyí tí mo wọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ tó o ń lọ sí ìlú ńlá. Mi ò mọ bí èjìká ọmọ mi ṣe fẹ̀ tó mọ́, ó sì ń dùn mí láti kọ ọ́. Ìyá onífọ́tòkópì ní o lè fi téèpù wọn ara rẹ. Irọ́ ni. Orí ìdúró ni wàá ti wọ̀n ọ́n, orí kẹ̀kẹ́ sì ni wàá ti wọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ń gùn sí i, apá ń lọ síwájú, ẹ̀wù ń fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan gòkè. Èjìká tó sì yẹ̀ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi kàn án kí n tó mọ ohun tó yẹ kó bò ó.

Fi owó báàfù àti ti ìkòkò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí àlàáfíà lè jọba, fi díẹ̀ lé e fún Jẹ́jẹ́-Layé nítorí táyà. Ti mátíráàsì, má ṣèyọnu, o kàn máa sùn sápá kan ni.

Wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o mú kẹ̀kẹ́ rẹ wá, má bá wọn jiyàn nínú ọkọ̀, sanwó rẹ̀. Kí òkè tó o ń gùn má ṣe rẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó o bá bá pàdé mọ̀ pé o lẹ́nìkan. Mo ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ kan ògiri, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí táyà méjèèjì yóò dúró sí. Ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n níbẹ̀, ó tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ó ní òun ń bá ọ lọ sí ìdíje náà, mi ò sì bi í bóyá ìwòran ni. Mo ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Ojú ewé tó kọjú sí tirẹ̀ ṣófo, orúkọ rẹ nìkan ló wà lókè rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.