Àpọ̀jẹ Ewúrẹ́ àti Káyọ̀dé Ọmọ Mi

Bàbá mi tí ẹ sùn lọ láìdágbére,

Ẹ kú ìsinmi. Kabusa ní Àbújá níbí ni mo ṣì wà. Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ni mo mú wá, ọmọ ọmọ yín tó gboyè ní yunifásítì, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ṣì ń sùn nínú yàrá tó ti kàwé ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Bùnmi àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ló fún mi ní ohun tí mo fi ń bú u. Ó ní àwọn kòkòrò kan ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹranko, ojú lásán ò lè rí wọn. Ìta ni àwọn baba ńlá wọn wà tẹ́lẹ̀, nínú erùpẹ̀ àti omi, wọ́n ń wá oúnjẹ fúnra wọn. Ìgbà tí wọ́n wá ráyè wọ inú ẹran, tí ibẹ̀ móoru, tí oúnjẹ ń wọlé tọ̀ wọ́n wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn láti ìran dé ìran. Ohun tí onílé bá ti ń ṣe fún wọn, wọ́n á jù ú nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè gbé ìta mọ́. Atẹ́gùn tó ń gbé wa ró, òun ló ń pa wọ́n.

Mo ní, "Bùnmi, dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń ṣàpèjúwe yẹn."

Bàbá, ọmọ tó ń tẹ ẹ̀bà fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí gáàsì mọ́. Tí iná bá lọ, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Mọ́mì, iná ti lọ o." Ṣé èmi ni mò ń tan iná ìjọba? Tí mo bá béèrè iṣẹ́, á ní òun ṣì ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wò ó.

Mo tiẹ̀ ti ṣẹ àwọn kòkòrò náà tí mo fi í wé wọn. Wọ́n ń bá onílé da oúnjẹ tó le, wọ́n sì ń lé àrùn sẹ́yìn. Káyọ̀dé ò lé adìẹ rí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ ta ọmọ ewúrẹ́? Ẹ ó mú ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó yọ díẹ̀, ẹ ó fi há ọmọ náà lẹ́nu. Èmi á máa yínmú. Ẹ ò ṣàlàyé rí, ẹ ó ní kí n ṣáà di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìyá ewúrẹ́ mú. Bùnmi ní àwọn kòkòrò inú ìyá lẹ fi ń ránṣẹ́ sínú ọmọ, kí koríko ilé ẹlòmíràn má baà ṣe é léṣe. Ta ló kọ́ yín?

Mo bá Káyọ̀dé gba yàrá kan ní Kuje. Kó tó lọ, mo dúró tì í nídìí gáàsì. Ó se ọbẹ̀ tí ajá ò ní lá. Mo ní kó tún un sè. Àpọ̀jẹ tèmi nìyẹn. Sátidé la kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mai ruwa tó ń gbé omi wá fún wa ní, "Kai, Màmá, ṣé ó ń lọ gbéyàwó ni?" Mo ní gáàsì ló ń lọ fẹ́. Káyọ̀dé ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni pé mò ń tà á.

Kò tíì pè mí. Tí kò bá jẹun ńkọ́? Tí atẹ́gùn Kuje bá pa á ńkọ́?

Bùnmi tún sọ èyí tí n ò bi í. Ó ní inú ẹran náà máa ń yí padà nítorí àwọn àlejò rẹ̀, pé tí wọ́n bá kó wọn kúrò, ara onílé kì í gún mọ́. Mo ní kó gbẹ́nu rẹ̀ dákẹ́. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo tẹ ẹ̀bà èèyàn méjì, mo jókòó tì í títí ó fi tutù.

Bàbá mi, ìyá ewúrẹ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá ti mú ọmọ lọ, ta ló ń fi àpọ̀jẹ há òun lẹ́nu?

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú.