Yìnyín Pupa Àlàájà Mújídà

Jédà, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ 1996

Àlàájà Mújídà aládùúgbò wa ti ìsinmi Yúróòpù dé. Ọkọ ẹ̀ mú un gun òkè oníyìnyín. Táífù, ìlú orí òkè tó wà nítòsí wa yìí, ọkọ tèmi ò mú mi débẹ̀ rí.

Ó bu yìnyín pupa lórí òkè náà sínú ike. Ó ti yọ́. Ó wá ń dà á sí ife fún wa bí ẹni ń pín omi Zamzam.

“Ó ń ta sánsán bíi bàrà,” Àlàájà wí.

Èmi tí mò ń yẹ omi wò ní ọsibítù, mo ní kí wọ́n má mu ún, pé irú ọbẹ̀dò kan ló pọ́n bẹ́ẹ̀, ó lè da inú rú.

Àlàájà ní, “Ìyá Káfáyà, ṣé kì í ṣe ìlara?”

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ká ní ọkọ mi ló mú mi lọ, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ mu ún.