Màmá Dáhùn Níwájú Kọ̀ǹpútà

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn.
Oṣù Kọkànlá, 1999.

Àǹtí Ẹ̀bùnọlá mi,

Ẹ kú àárò wa o. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín àti àwọn ọmọ wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ò sì jò mọ́, àmọ́ ilé dá páropáro látìgbà tí àwọn ayálégbé ti kó lọ.

Ẹ rántí ojú ìwé ìdílé wa tí mo ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi àyè kan kún un, kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ ìròyìn síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì tún un ṣe, láì dúró dè mí. Inú mi dùn nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, ẹ ò fóònù sílé Bàbá Hezekiah, aládùúgbò wa, mọ́.

Mo mú Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà ní Mọ́lẹ̀tẹ̀, mo sì ka ohun tí ẹ kọ: "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ṣé ara le?"

Màmá sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Ara le, Àdùkẹ́ mi. Ìwọ náà ńkọ́?"

Wọ́n ń retí kí ẹ fèsì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n bá wọn tẹ èsì, wọ́n kọ̀. "Ta ní í kí èèyàn, tí í lọ kó tó gbọ́ èsì?"

Mo ti yọ àyè náà kúrò.

Olúwa á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fóònù sílé Bàbá Hezekiah lọ́jọ́ Sátidé. Màmá á ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀.

Àbúrò yín,
Ọládipọ̀