Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ṣí Lórí Òkè

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í sinmi rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Loganville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Láyí, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á o, kí wọ́n má fo ibi tí mo ti ń yin ara mi, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Mo kí ìyàwó wọn tó ń bá wa tọ́jú yín. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ará Ìkìrun rí i kà, nítorí ohun tí mo bá sọ lójú gbogbo ayé, mi ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ti jìyà. Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní pírámárì kẹrin. Èmi tí mo fọ mọ́tò fún olówó ní Hampton láàárọ̀ òtútù, tí ọwọ́ mi là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi tí mo ń tú ìfun adìyẹ nílé iṣẹ́, tó jẹ́ pé bí mo bá ń bọ̀ wálé, gbogbo ológbò àdúgbò ló ń tẹ̀lé mi bí ọba. Èmi tí mo sùn nínú mọ́tò, tí mo kó gbogbo ẹ̀wù mi wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá kan sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà tó já gaara, ta ló fẹ́ darí? Lónìí, èmi ni mo ni iléeṣẹ́ tó ń gbá àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ní Suwanee. Àwọn tó ka yunifásítì ń ṣírò fún mi, èmi ń fọwọ́ sí i. Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n èmi náà ò sùn.

Màmá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ ní ojú yín ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì náà ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ojú mi kí ìmọ́lẹ̀ tó tán níbẹ̀. Mo sì dá yín lóhùn bí mo ṣe máa ń ṣe, pé ilé tí mo ń kọ́ kò tíì parí, pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò tíì ní fèrèsé, pé gẹ́ètì kò tíì dé. Ẹ mọ ìbúra mi: mi ò ní wọ Ìkìrun bí ẹni tó ń wá ibi sùn kiri. Ọjọ́ tí mo bá dé, ilé tèmi tó ti parí kanlẹ̀ ni màá wọ̀. Ẹ wá ní ó dáa. Ó dáa tí ẹ sọ yẹn, ó wọ̀ mí lára ju òtútù ibí lọ.

Ìbídùn, ọmọ mi obìnrin, wà nítòsí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun lẹ sọ lórúkọ láti orí fóònù nígbà tí a bí i síbí. Nọ́ọ̀sì ni. Bí kò bá ti sí lẹ́nu shift, orí òkè ló máa ń lọ ṣe síkì. Síkì nìyí, Màmá: wọ́n á de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, á dúró lórí òkè tí òjò dídì bò, irú èyí tí wọ́n ń kà nínú Bíbélì, á wá máa yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Owó ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn ṣubú. Ìbídùn ní kí n tẹ̀ lé òun, pé ó ti sú òun láti máa wo ojú mi tó fà ro nílé.

A wa mọ́tò títí a fi kọjá Georgia, a dé àárín àwọn òkè North Carolina. Màmá, òkè náà gbẹ! Ewé gbígbẹ ló bò ó, bí oko tí wọn ò tíì sun. Àfi ibì kan ṣoṣo tó funfun láàárín, bí ìgbà téèyàn ta aṣọ àlà láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àsìkò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, òjò dídì gidi kò tíì rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ́n omi sínú òtútù kó lè dì, ọ̀nà kan yẹn nìkan ló sì ti ká. Ìyókù, okùn ni wọ́n fi dí wọn. Mo bá sọ fún ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé kò sẹ́ni tó ń san owó odindi iṣu gba orí iṣu nìkan, kó yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìbídùn fà mí lápá, ó ní Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ibí kì í ṣe ọjà. Mo ní ibi tí wọ́n bá ti ń gbowó, ọjà ni.

Mo jókòó. Mo ní ká máa lọ sílé, pé nígbà tí gbogbo òkè bá funfun tán, a ó padà wá bí èèyàn pàtàkì. Ìbídùn wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ èmi ni mo ni òkè náà, màá ti gẹ́ètì pa títí òjò dídì fi máa bo ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò. Ẹ̀rín yẹn wá kúrò lójú ẹ̀. Ó ní Grandma ńkọ́, ṣé wọ́n á máa dúró síta náà ni?

Mo dìde, mo ní kí wọ́n mú bàtà àti pátákó síkì wọn wá.

Ọmọ mi di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń rìn sẹ́yìn níwájú mi, èmi ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú. Ó ní kí n fi imú pátákó méjèèjì kanra níwájú, kí n yẹ gìgísẹ̀ síta, kí n jẹ́ kí orúnkún súnmọ́ra. Háà! Màmá, orúnkún mi tí ẹ fi òrí pa títí pé kó lè tọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní Orúnkún-ń-kíra-wọn, iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún rèé! Àwọn géńdé tí ẹsẹ̀ wọn gún régé ń sáré lọ kọlu odi ìsàlẹ̀ òkè, èmi sì dúró gbọn-in níbi tó wù mí. Ìbídùn ní wọ́n bí i mọ́ mi ni. Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a wá gun orí òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Ewé gbígbẹ lọ́tùn-ún, ewé gbígbẹ lósì. Lórí ọ̀nà tín-ínrín yẹn, àgbà ń yọ̀ lọ, ọmọdé ń yọ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ wo ibi tí okùn wà. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ẹ ò sì fìgbà kan béèrè fèrèsé lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a ń bọ̀, Ìbídùn ló wà nídìí ọkọ̀. Ó bi mí bí ẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní láti wá a kiri lọ́kàn mi, torí ilẹ̀ yìí ń mú kéèyàn dá wà débi pé ẹ̀rín ìyá ẹni á máa jìnnà sí i létí. Ó ní òun náà á gba ààyè níbi iṣẹ́, pé èmi nìkan kọ́ ni mo ní ojú tí Grandma fẹ́ rí.

Àwọn kan á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n ṣe é. Ilé mi tí kò parí náà ga ju tiwọn lọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé, àgbà, àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń mú yín lọ́wọ́ lọ sílé ìsìn. Ọlọ́run tó dá ojú kò ní pa tiyín dé kí a tó ríra. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ.

Kí Bọ̀dá Láyí bá mi gbá yàrá ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Ìbídùn á wọ bàálù ní Atlanta. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí oòrùn bá ti là dáadáa, màá gbé àga yín síta, màá jókòó sílẹ̀ níwájú yín, ẹ ó gbé ojú mi lé ọwọ́ yín méjèèjì, ẹ ó sì wò mí títí á fi tó yín.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àjàní