Èédú Alárinà

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 1978

Ẹnu mi yìí ni yóò pa mí. Níbi ìpàdé àdúgbò lánàá, Baba Ṣọ́ọ̀ṣì — bàbá Bámgbóyè ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, alàgbà tó gbà pé òun ló ni ìwà gbogbo ará àdúgbò Adébáyọ̀ — ní kí Mọ̀dínátù, aláró tí a jọ ń gbé ilé, kó ìkòkò aró rẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ní omi aró ń ba odò ìsàlẹ̀ jẹ́. Òótọ́ sì ni. Odò yẹn ti búlúù bí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò kó o lọ? Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni, òun ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ni mo bá dìde: èmi Monínúọlá, tíṣà kẹ́mísírì, màá fọ omi náà mọ́. Wọ́n fún wa di òpin oṣù.

Ọjọ́rú, 8

Èèpo ẹkùrọ́, àpò kan, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa ẹkùrọ́ ní àdúgbò Fájuyì. Mo dé e mọ́ inú garawa, mo dáná sí i. Èéfín! Ọláyíwọlá tó ń kọ́ bàólọ́jì bi mí bóyá ẹran ìgbẹ́ ni mò ń yan.

Ẹtì, 10

Ó ti di èédú. Mo gún un. Imú dúdú, ọrùn dúdú. Mo ra pẹrọ́sáìdì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, èyí tí a fi ń fọ egbò. Bí a bá dà á sínú omi aró lásán, díẹ̀ ló ń ṣe. Fi èédú sí i — ó hó, àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Èédú ọ̀hún kì í sì í bá iṣẹ́ náà tán. Mo ṣàlàyé fún Mọ̀dínátù pé alárinà ni: ó mú ọkọ àti ìyàwó pàdé, kì í bá wọn wọ yàrá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní alárinà tòun ṣì ń wọ yàrá di òní olónìí.

Àìkú, 12

Àdúrà nìkan.

Ìṣẹ́gun, 14

Dúrọ́ọ̀mù. Iyanrìn nísàlẹ̀, Alárinà láàárín, iyanrìn lókè, páìpù nídìí. Mo po pẹrọ́sáìdì mọ́ omi aró, mo dà á sí i. Omi tó jáde ṣì búlúù. Ó ń yára jù. Mọ̀dínátù kàn ń ká aṣọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo dín ẹnu páìpù kù. Omi ń kán tó, tó, tó. Sùúrù ò sí lára mi rárá.

Ẹtì, 17

Ó mọ́! Mo ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn gíláàsì omi. Èmi àti Mọ̀dínátù jó yí dúrọ́ọ̀mù ká.

Àbámẹ́ta, 25

Àwọn àgbà wá wò ó. Baba Ṣọ́ọ̀ṣì gbé gíláàsì sójú oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Kò rí i. "Ẹ kú usẹ́," ló sọ, ó ní kí Mọ̀dínátù máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun á fọwọ́ sí i. Inú mi dùn débi pé mo kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 27

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, mo rí garawa tó tò lẹ́nu páìpù Mọ̀dínátù. Ìyàwó Baba Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níwájú. Ó ní omi mi mọ́ ju ti ìjọba lọ.

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń yọ̀ láàárín ìka mi bí omi ọṣẹ. Kọ́sítíìkì, tó ń jó ènìyàn lọ́fun! Èyí tí gbogbo aláró ń dà sí ìkòkò. Alárinà gbé àwọ̀ lọ, kò fọwọ́ kan ìyẹn, èmi tíṣà kò sì rántí. Nígbà tí omi náà búlúù, ewúrẹ́ pàápàá kì í mu ún. Èmi ni mo sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè mu.

Mo da gbogbo garawa nù. Wọ́n ní orí mi ti yí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì sí ẹni tó fẹnu kàn án. Mo mọ ohun tó lè pa kọ́sítíìkì, ṣùgbọ́n kò lè yá kí ìpàdé ọ̀la tó dé. Bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ń gbé garawa padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mọ̀dínátù.

Ó wò mí. Ó bu aró kún igbá, ó dà á sínú omi tó ń ṣàn láti ẹnu páìpù lójú gbogbo wọn.

"Ulé mìíràn wà," ó ní. "Ẹ̀mí mìíràn ni kò sí."

Odò ti búlúù padà, ìpàdé ọ̀la kò sì ní gbà á. Wọ́n ti kó garawa wọn lọ, wọ́n sì ń bú u.